Ọ̀yà Tó Ń Kí Àgbà Lórí Òkè

"Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gun òkè, kò mí hẹlẹ, ó bà lé Ọ̀yà lórí.

Ọ̀yà sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Bó bá sáré díẹ̀, àyà rẹ̀ a máa lù kì-kì-kì, ẹ̀rù Ajá ọdẹ sì ń bà á. Kí ara rẹ̀ lè le, Ọ̀yà fò sókè-sódò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀lẹ mú un, ó sùn gbalaja. Ó lọ bá Ọ̀bọ, tó ń kọ́ àwọn ẹranko ní eré ìdárayá. Ọ̀bọ ní, "Oníkùn àgbá, àgbàdo tí o máa fi sanwó dà? Ọ̀fẹ́ kọ́ o!" Ọ̀yà kò ní nǹkan kan, ló bá tọ Ìyá Òòrẹ̀, àgbà igbó, lọ lórí òkè, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un.

Ìyá Òòrẹ̀ ní, "Ọmọ mi, ṣé o lè jí kí o má kí àgbà?"

"Èèwọ̀, ìyá!"

"Ó dára. Orí òkè yìí ni kí o ti máa wá kí mi láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí o kò bá wá, gbogbo igbó ni yóò gbọ́ pé o kò lẹ́kọ̀ọ́."

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀lẹ bá fẹ́ de Ọ̀yà mọ́lẹ̀, ìtìjú a gbé e dìde, òun náà a sì máa kọrin bó ṣe ń gòkè. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹsẹ̀ mi, má ṣọ̀lẹ.
*Gbé mi gòkè!*
Ìyá ń retí mi.
*Gbé mi gòkè!*
Ìrì kì í pa akin.
*Gbé mi gòkè!*

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ajá ọdẹ yọ sí i. Ọ̀yà gba ọ̀nà òkè, kò dúró mí. Ní agbedeméjì ọ̀nà, Ajá ti yọ ahọ́n síta, ó dùbúlẹ̀. Ọ̀yà bojú wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ajá, ṣé kí n wá pọ̀n yín ni?"

Ẹ̀yin ọmọ, ara líle kò béèrè owó. Ẹ wá ẹni tí yóò máa retí yín, kí ẹ má sì já a kulẹ̀. Àlọ́ mi ti jókòó. Ẹ̀yin, ẹ dìde!