Bí Alápàńdẹ̀dẹ̀ Ṣe Di Ará Ilé

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, orí igi ni alápàńdẹ̀dẹ̀ ń kọ́lé sí bí àwọn ẹyẹ yòókù. Kannakánná ni akéde ìlú Ìpọ́ntì. Ní àràárọ̀, á bà sí iwájú ilé Baálẹ̀, á sì ròyìn Arégbé, ìlú tó wà lẹ́yìn òkè.

Ìròyìn rẹ̀ kì í dára. Lónìí, yóò ní wọ́n ń jà. Lọ́jọ́ kejì, yóò ní ilé wọn ń jó, òkú ẹran sì ń rà káàkiri. Ẹ̀rù ba àwọn ará Ìpọ́ntì. Wọn kò lọ sí Arégbé mọ́, wọn kò sì fẹ́ ìyàwó níbẹ̀ mọ́.

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá, kànga gbẹ. Omi ẹrẹ̀ ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Baálẹ̀, ń fún ọmọ rẹ̀ mu, inú sì ń run ọmọ náà. Àwẹ̀ró ní kí àwọn lọ tọrọ omi ní Arégbé. Baálẹ̀ kọ̀. Ó ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í fún ni lómi.

Àánú ọmọ náà ṣe alápàńdẹ̀dẹ̀. Ó fò kọjá òkè, ó sì ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn ní Arégbé. Nígbà tó dé, ó sọ fún Àwẹ̀ró pé:

"Ìyá, òótọ́ ni pé wọ́n jà, ilé kan sì jó. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn tó ń bá onílé náà kọ́ òmíràn. Mo rí ìyá tó ń wẹ ọmọ. Ìsun omi wọn kò gbẹ. Wọ́n tilẹ̀ ń bèèrè yín."

Nígbà tí Baálẹ̀ gbọ́, ó ránṣẹ́ pe kannakánná, ó bi í léèrè ìdí tó fi parọ́.

"Baálẹ̀, n kò parọ́," ni kannakánná wí. "Orí ààtàn ni mo ti ń jẹun. Ohun tí mo rí láti ibẹ̀ ni mo sọ fún yín."

Baálẹ̀ ní òun náà kò bi í rí bóyá ó rí nǹkan mìíràn.

Àwẹ̀ró ti gbé ìkòkò, òun àti àwọn obìnrin ìlú, wọ́n sì ti forí lé Arégbé. Àwọn ará Arégbé bá wọn pọn omi, wọ́n sì bá wọn rù ú dé orí òkè. Ọmọ mu omi tó mọ́, ara rẹ̀ sì yá.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró fi díẹ̀ nínú omi náà po amọ̀. Ó gbé e síwájú alápàńdẹ̀dẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"O ṣeun tí o wọlé wò wọ́n," ló wí. "Wá máa bá wa gbé."

Láti ọjọ́ náà ni alápàńdẹ̀dẹ̀ ti ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé ènìyàn. Bó tilẹ̀ ń yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, àgbà kì í jẹ́ kí ọmọdé fọ́ ilé rẹ̀.