Èpè tí Ṣówándé Ṣẹ́ ní Etí Ọ̀sà

Ṣówándé apẹja dé etí ọ̀sà láàárọ̀, kò bá àwọ̀n rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó padà wá a nílé, kò rí i. Ṣé inú ọkọ̀ ló fi í sí lánàá ni, àbí ẹ̀yìnkùlé? Orí rẹ̀ dàrú. Ó sáré padà sétí omi, ó fi igbe bọnu:

“Ẹni tó jí àwọ̀n mi, ọwọ́ rẹ̀ kò ní pa ẹja mọ́! Ọ̀sà á gbé e lọ!”

Ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja nítòsí ní, “Ṣówándé, rọra. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.”

“Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀! Olè kì í ṣe ará ilé mi.” Ó tún ń ṣépè lọ.

Kò pẹ́ ni Dẹ̀hìndé, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, gbé àwọ̀n léjìká dé. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti tún ibi tó ya ṣe bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é.”

“Èmi? Nígbà wo?”

“Lánàá, nígbà tí à ń jẹun. Ẹ̀yin lẹ gbé e lé mi lọ́wọ́.”

Ìyá àgbà bu omi fún un, ó ní kó fọ ẹnu rẹ̀, kó sì yí èpè náà padà sí ìre lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó fọ ẹnu. Ó yí èkíní padà, ó yí èkejì. Ó wá kọjú sí ìyá.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo tún sọ?”