Ìlà Márùn-ún Ọ̀gá Láníhùn
Ọ̀gá Láníhùn ti lé ẹni mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ kó tó kan Mọjírọ́lá, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ẹ̀rọ omi ìlú. Ọ̀gá ní: "Ṣẹ̀dá èdè tuntun tí n ó máa fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ wọ̀nyí lónìí, tàbí kí o máa lọ sílé." Mọjírọ́lá kúnlẹ̀, ó gbé bébà fún un: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ gbogbo àṣẹ yín síbí." Ọ̀gá kọ orúkọ ẹ̀rọ márùn-ún àti aago tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣiṣẹ́. Mọjírọ́lá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe rí, ó ní kí ètò tó ti kọ tẹ́lẹ̀ kà á fún àwọn ẹ̀rọ, omi sì yọ. "Èdè mi dà?" "Àkọsílẹ̀ yìí ti tó, sà. Bí àṣẹ mìíràn bá kù, ẹ fi kún un." Ọ̀gá wo bébà títí, ó fajú ro. "Padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìlà márùn-ún péré ni gbogbo àṣẹ mi."