Igún Tó Fá Orí Nítorí Oúnjẹ

Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Àlọ́ mi já bọ́. Kò bọ́ sódò, kò bọ́ sórí àpáta. Ó bọ́ lé Baba Onígbá. Ó bọ́ lé Àwẹ̀ró, ìyá Dúrósinmí. Ó wá bọ́ lé Igún lórí, lórí pípá.

Ẹ fara balẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá ń pa àlọ́ yìí, torí náà kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín títí n óò fi ní kó rẹ́rìn-ín.

Baba kan wà láyé àtijọ́, ìdí igi ọ̀dán létí ìlú ló jókòó sí. Aṣọ kan ṣoṣo ló ní. Igbá kan ṣoṣo ló ní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Baba Onígbá. Èèyàn ń lọ bá a, ẹranko ń lọ bá a, ẹyẹ ń lọ bá a. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn.

Baba á ní, "Ìyà wà láyé. Ìwọra ló so ó mọ́ wa lọ́rùn. Okùn ni ìwọra, okùn sì ṣeé tú. Ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ yóò parí. Ẹ má fi ebi pa ara yín, ẹ má sì jẹ àjẹkì. Ọ̀nà àárín ni kí ẹ tọ̀."

Ẹni tó bá fẹ́ bá a gbé, yóò fá orí. Yóò gbé igbá láàárọ̀, yóò gba iwájú ilé kọ̀ọ̀kan kọjá. Kò ní fo ilé tálákà. Kò ní tọrọ. Yóò dúró díẹ̀, yóò dákẹ́, yóò wolẹ̀. Bí wọ́n bá fún un, á gbà á. Bí wọn kò bá fún un, á máa lọ. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, oúnjẹ ti parí nìyẹn títí di ọjọ́ kejì. Kò sì gbọdọ̀ tọ́jú ohunkóhun di ọ̀la.

Nígbà náà, Igún ní ìyẹ́ lórí. Ìyẹ́ náà pọ̀, ó ń dán, ó dà bíi ṣùkú orí ìyàwó tuntun. Ọdẹ ni Igún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ ti sú u. Lọ́jọ́ kan, ó rí Àdàbà tó gbé igbá kọjá. Ó rí i tí wọ́n bu ẹ̀kọ sí i, tí wọ́n fi àkàrà méjì lé e.

Igún ní, "Àdàbà, kí lo ṣe fún wọn?"

Àdàbà ní, "N kò ṣe nǹkan kan fún wọn."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"N kò sọ nǹkan kan."

"Àbí orí fífá yìí náà ni?"

Àdàbà ní, "Orí la fá. Inú ni iṣẹ́ wà."

Igún kò gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú wọn. Ibi tí oúnjẹ bá ti wọ ọ̀rọ̀ ni etí wọn ti ń di.

Ó gba ìdí ọ̀dán lọ. Baba Onígbá ní, "Igún, kí lò ń wá?"

"Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni, Baba."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Baba ní, "Ṣé o kò ní pa ohun ẹlẹ́mìí?"

"N kò ní pa á, Baba."

"Ṣé ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ nìkan ni wàá máa jẹ?"

"Òun nìkan ni, Baba."

"Ṣé o kò ní purọ́?"

Igún gbé ìyẹ́ apá lé orí. "Baba, bí mo bá purọ́, kí ìyẹ́ má hù lórí mi mọ́ láéláé."

Baba ní, "N kò ní kí o búra." Ṣùgbọ́n Igún ti búra. Wọ́n fá a lórí, wọ́n fún un nígbá.

Ilé tó kángun sígbó ni Àwẹ̀ró ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ti bí ọmọ méjì, ó sì ti sin àwọn méjèèjì. Ẹ̀kẹta ló sọ ní Dúrósinmí, pé kí èyí dúró, kó sin òun. Ọmọbìnrin ni. Ó ti ń húkọ́ láti ọjọ́ márùn-ún. Àwẹ̀ró kò tíì sùn láti ọjọ́ márùn-ún.

Igún dé. Ẹ bá mi gbè é, ègbè ni "Igbá ń kọjá."

Ẹ bù ú wá, ẹ bù ú wá,
Igbá ń kọjá.
Ẹni tó bù ú, ikú yẹ̀ ẹ́,
Igbá ń kọjá.
Ẹni tó háwọ́, ikú mọ̀ ọ́n,
Igbá ń kọjá.

Ẹ gbọ́ orin rẹ̀ o. Wọ́n ní kó dákẹ́, ó ń kọrin. Wọ́n ní kó má tọrọ, ó ń fi ikú halẹ̀ mọ́ opó.

Àwẹ̀ró jáde, ó fi iṣu sísè sínú igbá. Igún wo iṣu, ó yínmú. Ó gbọ́ ikọ́ nínú ilé, ojú rẹ̀ là.

Ó ní, "Ìyá, ikú ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Mo lè dá a padà."

Àwẹ̀ró ní, "Ṣebí Baba yín ní ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ yóò parí?"

Igún rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyẹn ló ń sọ fún ará ìta. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tó dì pamọ́ sínú ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀. Àwa tó fá orí nìkan la mọ̀ ọ́n. Adìẹ yín tó ń jẹ̀ lẹ́bàá ògiri yẹn ni mo fẹ́ fi dá ikú padà. Ẹ bá mi pa á o, èmi kì í pa ohun ẹlẹ́mìí."

Ẹ ò rí i bí? Ọwọ́ ẹlòmíràn ló fi ń pa ẹran, kí tirẹ̀ lè mọ́. Ẹyin adìẹ náà sì ni Dúrósinmí ń jẹ. Àwẹ̀ró pa adìẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Igún tún dé pẹ̀lú orin. Àwẹ̀ró ní, "Ikọ́ náà kò lọ."

Igún ní, "Ikú ti sún sẹ́yìn díẹ̀. Ìyá, àgbàdo tó wà lórí àjà ńkọ́?"

Àgbàdo yẹn ni Àwẹ̀ró fi ń ṣe ògì ọmọ. Ó kó o fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, Igún dé. Dúrósinmí kò húkọ́ mọ́, kò lágbára ikọ́. Igún ní, "Ẹ wò ó, ikọ́ ti lọ! Ó ku ẹ̀bù iṣu tí ẹ tọ́jú." Ẹ̀bù o, èyí tí wọn yóò gbìn kí wọ́n lè rí jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi kò mọ irú ọ̀nà ọ̀fun tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá. Àwẹ̀ró kó ẹ̀bù fún un.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ kò lè gbé orí. Àwẹ̀ró pọ̀n ọ́n, ó sáré lọ sí ìdí ọ̀dán. Ó bá Baba Onígbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, tí kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ó kúnlẹ̀. "Baba, kí ló kù kí n fi kún un?"

"Kí o fi kún kí ni, ọmọ mi?"

"Adìẹ, àgbàdo àti ẹ̀bù tí mo ti fún Igún, kí ikú má bàa mú ọmọ mi. Ó ní ẹ fi ẹ̀kọ́ kan pamọ́ sínú ìkúùkù."

Baba na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó la àtẹ́lẹwọ́. "Wò ó. Ọwọ́ mi ṣí. N kò fi ẹ̀kọ́ kankan pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni." Ó fọwọ́ kan ikùn ọmọ. "Ikọ́ kọ́ ló fẹ́ pa ọmọ yìí mọ́. Ebi ni."

Ó gbé igbá tirẹ̀, ó fi ìka bu ẹ̀kọ tútù sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ gbé e mì. Ó tún bù ú, ọmọ tún gbé e mì. Nígbà tí igbá yóò fi ṣófo, oòrùn ti dé àtàrí. Baba kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Igún. Àdàbà fò lọ wo ìtẹ́ rẹ̀, ó bá egungun adìẹ, ó bá àgbàdo, ó bá ẹ̀bù tó ti ń rà.

Igún ní, "Kí ni mo ṣe? N kò pa nǹkan kan. Ohun tí wọ́n gbé síwájú mi ni mo gbà."

Àwẹ̀ró dìde. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní, "Mo ti sin ọmọ méjì, Igún. Mo mọ̀ pé ikú wà. O kò ní í kọ́ mi. Ká ní o wí pé ebi ń pa ọ́, ǹ bá fún ọ lóúnjẹ. Ẹ̀rù mi lo wá jẹ. O gba ògì lẹ́nu aláìsàn, o wá ní kí n máa dúpẹ́."

Ará ìlú tó ti péjọ he igi. Wọ́n ní àwọn yóò lu Igún pa. Bí mo bá wà níbẹ̀ ni, èmi náà ìbá he tèmi.

Baba Onígbá ní, "Ẹ ju igi nù. A kì í fi ìbínú pa iná ìbínú. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ẹnu rẹ̀ ti dájọ́ tirẹ̀."

Igún fọwọ́ kan orí. Ìyẹ́ tó ti ń hù bọ̀ dà sílẹ̀, kò sì hù mọ́. Ó fò lọ sígbó láti lọ pa ẹran, èékánná rẹ̀ kò di ẹran mú. Ó ní òun kò ní pa ohun ẹlẹ́mìí, kò lè pa á mọ́. Ó ní ohun tí wọ́n bá gbé síwájú òun nìkan lòun yóò jẹ, kò sì sẹ́ni tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ mọ́ àyàfi ikú. Ikú tó ní òun lè dá padà náà ló ń tẹ̀ lé kiri.

Ìdí nìyẹn tí orí igún fi pá. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pa ẹran, tó jẹ́ pé òkú ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pa igún, tí a kì í jẹ igún: Baba ló ní ká ju igi nù. Inú ṣì ń bí èmi, ṣùgbọ́n mo ju tèmi nù.

Dúrósinmí ńkọ́? Ó dúró. Ó dàgbà, ó bímọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó kú, torí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ yóò parí. Dúrósinmí sì sin ìyá rẹ̀. Igún bà sórí ògiri lókèèrè, ó ń wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó pè é.

Ibi tí àlọ́ mi bọ́ sí ló parí sí. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ wo orí mi. Irun ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín báyìí.