Oníbàtà Tó Wọn Ẹsẹ̀ Ọmọ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ oníbàtà. Má ṣe rò pé bàtà ìnáwó ni mo ń wí, tàbí sálúbàtà tí àwa àgbà ń wọ́ kiri ilé. Bàtà àwọn tó ń sáré ìje ló yàn láàyò. Táyà ọkọ̀ tó ti gbó ló fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Á gé e, á máa fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí yóò fi fẹ́lẹ́ tí yóò sì ṣeé tẹ̀. Awọ ewúrẹ́ tó rọ̀ ló fi ń ṣe ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń sáré fún ilé ẹ̀kọ́ wọn máa ń ti ìlú mẹ́ta sí mẹ́rin wá bá a, torí bàtà rẹ̀ kì í já.

Bí oníbàárà bá dé, á ní kó jókòó sórí àpótí gíga kan. Òun náà á jókòó sórí àga tirẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ ẹni náà lé orí itan, á fi páálí sábẹ́ rẹ̀, á sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá náà a sì máa wí pé àgbà kì í bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ ọmọdé, pé oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ń wólẹ̀ fún oníbàárà, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Oníbàtà yìí gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.

Akínlolú, yéé wo aago. Òjò tó ń rọ̀ níta yẹn kò ní jẹ́ kó o lọ síbì kankan, ẹ̀pà tó wà níwájú rẹ kò sì tíì tán.

Ọkùnrin náà bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, bàbá ló sì tọ́ ọ. Òun ló ń di irun rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, irun tí àwọn obìnrin àdúgbò máa ń wò tí wọ́n á fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kò jáwọ́. Ọmọ náà dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, nígbà tó sì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n mú un láti sáré fún gbogbo agbègbè wọn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ti ránṣẹ́ pé bó bá ṣe ipò kìíní tàbí kejì níbi àṣekágbá ìdíje náà, àwọn yóò gbà á, àwọn yóò sì kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá ṣe é, ìdí bàtà ni yóò padà sí pẹ̀lú bàbá rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Bàbá mọ èyí, ọmọ náà mọ̀ ọ́n, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta.

Bàbá bá rán bàtà fún un. Èyí àkọ́kọ́, ẹ̀rù ń bà á kó má bàa dun ọmọ rẹ̀, ó wá fi àyè sílẹ̀ yíká, ó sì tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ibùsùn fún ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kẹta tó fi ń dánra wò, ẹsẹ̀ yọ̀ nínú bàtà, ọrùn ẹsẹ̀ sì yí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi tiro. Ojú ti bàbá, àánú ọmọ sì ṣe é débi pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ó rán èkejì. Ó tún gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó tún fa ìlà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun kò tún ní yẹ̀ mọ́ láyé. Ó fi awọ ìlọ́po méjì yí i ká, ó lu ihò okùn títí dé ìdí ọmọ ìka, láràárọ̀ ló sì ń gbé ẹsẹ̀ náà lé itan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn le. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, ẹ̀rù ló rán bàtà yẹn. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló mú abẹ́rẹ́ dání.

“Ṣé ó bá ọ mu?” ni bàbá máa ń bi í.

“Ó bá mi mu dáadáa, bàbá mi. Ẹ ṣeun.”

Ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ tó jókòó ti bàtà kan fún ọjọ́ mọ́kànlá, kí lo fẹ́ kó sọ? Bí a ṣe tọ́ àwọn ọmọ wa náà nìyẹn. A kọ́ wọn kí wọ́n máa dúpẹ́, a ò kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe sọ pé ó ń dun àwọn.

Ọjọ́ ìdíje àkọ́kọ́ pé. Ẹni mẹ́rin tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò lọ sí àṣekágbá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo mú fèrè dání lọ́jọ́ náà, nítorí náà kì í ṣe àgbọ́sọ. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà nínú aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kù díẹ̀ kí n fọn fèrè, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sórí koríko jẹ́jẹ́ bí ẹni bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé àgbà, ó sì bọ́ sójú ìlà lẹ́sẹ̀ lásán. Orí ilẹ̀ líle tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ ló ti sá eré náà. Ó ṣe ipò kẹrin.

Ẹnì kan pariwo láàárín èrò pé, “Ẹ wo ọmọ oníbàtà tó ń sáré láìwọ bàtà!” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ ọgbà, bàbá ti lọ.

Ìyókù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Inú ń bí i délé, ó sì ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu de ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà dé. Ó ti fi ìborùn rẹ̀ wé bàtà náà kí eruku má bàa bà á. Ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ kì í rí iṣẹ́ ara rẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án. Kí bàbá tó sọ̀rọ̀, ó ti ti ọwọ́ bọ inú bàtà. Níwájú, níbi ọmọ ìka, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ awọ. Lẹ́yìn, níbi gìgísẹ̀, awọ ti họ, torí pé gìgísẹ̀ ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kó tú sílẹ̀ ló ti há, ibi tó yẹ kó dì mú ló sì ti tú sílẹ̀.

“Ẹ má bínú, bàbá mi,” ni ọmọ náà wí. “Bàtà yín dáa. Ẹsẹ̀ mi ni kò dáa.”

Ọkùnrin náà sọ fún mi pé nínú gbogbo abẹ́rẹ́ tó ti gún òun nídìí iṣẹ́, kò sí èyí tó gún òun tó ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Èékánná méjì ti dúdú, ọ̀kan ti bọ́. Ẹsẹ̀ tó ń fi òróró pa nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ nìyẹn.

Ó mú páálí tuntun, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ní kí ọmọ náà dìde dúró lé e. Ọmọ dúró. Bàbá jókòó sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó dìde, ó wo páálí, ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ lè yọjú, ó sì kúnlẹ̀.

“Háà, bàbá mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ẹ ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún mi!” Ọmọ náà fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí òun náà kúnlẹ̀.

“Dúró jẹ́ẹ́,” ni bàbá wí. “Ibi tí ẹsẹ̀ wà ni mo wá.”

Ó fa ìlà náà. Nígbà tó gbé e lé orí èyí tó ti yà lórí itan, ẹnu yà á. Ẹsẹ̀ tó dúró gùn ju ẹsẹ̀ tó jókòó lọ, iwájú rẹ̀ sì fi ìbú pẹ́ńsùlù kan fẹ̀ jù ú lọ. Ó ní kó sáré yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹwàá kó padà wá. Ó tún fa ìlà, ó tún fẹ̀ sí i. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti mọ ẹsẹ̀ yẹn, èyí tó ń sinmi nìkan ló mọ̀.

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ló ti bi í ní ohun tí kò bi í rí: “Níbo ló ti ń dùn ọ́?”

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìka. Ó fi ibi tó fẹ́ kí bàtà ti di òun mú han bàbá rẹ̀, ní gìgísẹ̀ àti lókè ẹsẹ̀ níbi tí okùn ń gbà. Ó fi ibi tó fẹ́ kó ti gbé òun ró hàn án, níbi tó ní kòtò lábẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tó dé iwájú, ó ní, “Níbí, ẹ fi mí sílẹ̀ díẹ̀.” Wọ́n wà níbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná.

Bàtà kẹta di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú bí a ṣe ń di ẹyin mú, iwájú rẹ̀ sì ní àyè tí ọmọ ìka fi lè nà. Lọ́jọ́ àṣekágbá, bàbá na ọwọ́ láti so okùn bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n so ó fúnra mi.” Bàbá ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní nínú gbogbo iṣẹ́ bàtà tí òun ti ṣe, ìyẹn ló nira jù.

Mo rí i pé o fẹ́ bi mí bóyá ó borí. Ó ṣe ipò kejì, ilé ẹ̀kọ́ náà sì gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe ní kó o jókòó. Títí di òní, nígbàkúgbà tó bá wálé fún ìsinmi, páálí tuntun ti wà nílẹ̀ dè é, bàbá rẹ̀ á sì kúnlẹ̀ tì í kó tó bi í bóyá ó ti jẹun.

O wá sọ fún mi pé ọmọbìnrin rẹ kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwọ lo yan iṣẹ́ fún un, ìwọ lo wá ilé tó ń gbé, ìwọ lò ń sọ ìgbà tó gbọ́dọ̀ wálé. Bó o bá sì pè é lórí fóònù, “Ó dáa, bàbá mi, ẹ ṣeun” nìkan ló ń wí. O ní aláìmoore ni. Rárá o, Akínlolú. Ohun tí ọmọ oníbàtà sọ ló ń sọ fún ọ yẹn. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, mo sì rí omijé lójú rẹ. Èmi ò ní kó o tú u sílẹ̀ kó máa yọ̀ kiri. Dì í mú níbi tó yẹ, àwọn àgbà ṣáà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ti dìde lórí itan rẹ tipẹ́, ìwọ ṣì ń fi ìwọ̀n àtijọ́ rán bàtà fún un.

Òjò ti ń dá. Gbé agboòrùn rẹ. Ọ̀la ni yóò wálé, àbí? Bó bá dé tó kúnlẹ̀ kí ọ, má bi í bóyá nǹkan bá a mu, torí yóò ní ó bá òun mu. Jókòó sílẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó o bi í níbi tó ti ń dùn ún. Lẹ́yìn náà kó o dákẹ́, kó o sì dúró títí yóò fi na ìka.