Òkété Gbin Iyèré Yíyan

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi ta sánsán, kò ta sódò, kò ta sóko, ó ta wọ ihò Òkété lọ.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Òkété, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Oúnjẹ ò wọlé sí i lẹ́nu, ọyàn gbẹ, ọmọ ń ké ṣáá. Ni Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò wọn tó ń gbé orí igi obì, bá gbé ọbẹ̀ wá. Àwẹ̀ró lá a tónítóní. Kò pẹ́, ọyàn dé.

Òkété fa imú, hìn-ìn! "Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, kí lẹ fi sí ọbẹ̀ yìí?"

"Iyèré ni. Wá bá mi roko láàárọ̀ ọ̀la, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín."

Òkété rẹ́rìn-ín sínú. "Èmi tí mo ń ri nǹkan mọ́lẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ta ni yóò kọ́ mi ní gbígbìn?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ fara pamọ́ sídìí igi obì Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó rí iyèré pupa lára ìtàkùn, ó gbóòórùn rẹ̀, kò rí nǹkan kan gbọ́. Ó rí dúdú tí Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ń yan nínú àpáàdì, ta! ta! ta! Òórùn gba igbó kan.

"Èyí ló lágbára!" Bí ìyá ṣe lọ pọnmi, Òkété da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bọ̀ǹkẹ̀. Ó gbóná, ó ta, omijé ń dà pòròpòrò, kò tu ú àfi ìgbà tó délé.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ fún mi ní díẹ̀ kí n fi sebẹ̀."

"Rárá o! Oko iyèré ni mo fẹ́ dá. Gbogbo ẹranko ni yóò máa wá tọrọ lọ́wọ́ mi."

Ó rì í mọ́lẹ̀ tán, ó jókòó tì í, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Iyèré o, jáde wá.
Tẹ̀rẹ́ńtẹ̀!
Ilẹ̀ mi tutù, jáde wá.
Tẹ̀rẹ́ńtẹ̀!
Ọmọ mi ń ké, jáde wá.
Tẹ̀rẹ́ńtẹ̀!

Òjò rọ̀. Koríko hù. Iyèré kọ̀, kò hù. Ọyàn Àwẹ̀ró tún gbẹ.

Àwẹ̀ró pọn ọmọ, ó di ìdí igi obì. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbin iyèré. Dúdú tí ọkọ mi rì mọ́lẹ̀ kò hù."

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ọkọ ẹ ló kó iyèré yíyan mi lọ gbìn? Pupa là ń gbìn, dúdú là ń sè. Èyí tó bá ti rí iná, inú ìkòkò nìkan ló mọ̀. Sí ìdí igi ni kó o gbìn ín, kó lè rí ohun gùn." Ó bu dúdú fún un fún ọbẹ̀ ọjọ́ náà, ó já pupa fún un fún oko.

Ọmọ mu ọyàn, ó sùn. Nígbà tó yá, ìtàkùn Àwẹ̀ró gun igi, ó so wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Òkété lanu. "Àwẹ̀ró, kí lo ṣe sí i?"

"Mo béèrè ni, bàbá ọmọ mi."

Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n gbìn. Títí dòní ló ń walẹ̀ kiri, ó ń wò ó bóyá èyí tó rì ti hù.

Ibi tí àlọ́ mi jinná dé nìyí, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná. Bí mo bá purọ́, kí iyèré má ta lọ́bẹ̀ mi mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tijú àtibéèrè. Ẹni tó jí nǹkan lè rí i gbé lọ, kò lè jí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.