Iṣẹ́ tí Wọ́n Rán Ọlátẹ́jú

Ọlátẹ́jú kò ní kọ́bọ̀ lápò. Yàrá tó ń sùn sí pàápàá, ọ̀fẹ́ ni Bàbá Ládìípọ̀ fi fún un. Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ Bàbá Àyìndé, aládùúgbò wọn, jẹ fìlà ọdún Bàbá Ládìípọ̀, ó ké sí ọmọkùnrin náà.

"Lọ sọ fún àgbàyà yẹn pé ọpọlọ kan ṣoṣo lòun àti ewúrẹ́ rẹ̀ jọ ń lò. Bí o kò bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wàá bá ẹrù rẹ ní títì!"

Yàrá ọ̀fẹ́ dùn lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò bú ẹni tó tó bàbá rẹ̀ í bí? Nígbà tí Ọlátẹ́jú dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àyìndé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ewúrẹ́ yín jẹ fìlà bàbá wa. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ máa so ó."

Ojú ti Bàbá Àyìndé. Ó gbé fìlà tuntun tirẹ̀, ó tẹ̀ lé e wá bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó lọ tán, Bàbá Ládìípọ̀ yíjú sí Ọlátẹ́jú.

"Ṣé bí mo ṣe rán ọ nìyẹn?"

"Rárá, sà. Ọmọ Àjíbóyè agbẹ́kànga ni mí, n kò lè bú àgbà. Ẹ jẹ́ kí n lọ kó ẹrù mi."

"Ẹrù wo? Jókòó, jàre! Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àjíbóyè bímọ!"